Ajá Mọ ‘Máa Ń’, Kò Mọ ‘Yóò’

Bí ìdánwò bá ti ń lọ sópin, nǹkan mẹ́ta ló máa ń pọ̀ níwájú àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Èkíní ni bẹ́ẹ̀dì àti fáànù tí àwọn tó ń jáde fẹ́ tà ní gbàǹjo. Èkejì ni ìwé àti hándáòtù tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà. Ẹ̀kẹta ni ajá tàbí ológbò tó jókòó sẹ́nu géètì, tí ẹni tó ni ín ti wọkọ̀ lọ sílé. Bẹ́ẹ̀dì á rí ẹni rà á. Ìwé á di ohun tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta yìí ni mo mú wá sí ojú ewé wa lónìí.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ ajá, pé ṣebí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko ló yẹ kí n gbé e lọ fún. Rárá o. Ọ̀rọ̀ àsìkò ni, ọ̀rọ̀ àsìkò kò sì lè yọ gírámà sílẹ̀. Èrò mi nìyí: ajá àti ológbò mọ àsìkò ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n oríṣi kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n mọ ‘máa ń’. Wọn kò mọ ‘yóò’. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń gba ọmọ ajá wọ yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ohun tí a kọ́ ní kíláàsì. Àríyànjiyàn wà láàárín àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá bóyá àsìkò ni àwọn wúnrẹ̀n wọ̀nyí ń fi hàn tàbí ibá-ìṣẹ̀lẹ̀. N kò fẹ́ dá sí i níhìn-ín, kí àwọn olùkọ́ wa má baà pè mí sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé ‘Bọ́lá ń wálé’ yàtọ̀ sí ‘Bọ́lá máa ń wálé’, àti pé méjèèjì yàtọ̀ sí ‘Bọ́lá yóò wálé’. Ti àkọ́kọ́ sọ pé Bọ́lá wà lójú ọ̀nà báyìí. Ti èkejì sọ pé ìṣe rẹ̀ ni, pé bó ti rí lánàá náà ló rí lónìí. Ti ẹ̀kẹta na ọwọ́ sí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, tí ojú kò rí, tí a kàn ń ṣèlérí rẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ‘máa’ nìkan lè dúró fún ‘yóò’. Ẹ lè wí pé ‘Bọ́lá máa wálé’, kí ẹ sì ní ọ̀la lọ́kàn. Ẹ wá fi ‘ń’ bíńtín kan kún un, ìlérí di ìṣe ojoojúmọ́. Àwọn ìwé gírámà pe ti ‘máa ń’ yìí ní ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ bárakú. Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà tú wò: bá, ara, kú. Ohun tó ti wọ ara, tí yóò bá ara dé ojú ikú. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ṣàpèjúwe bí ajá ṣe ń mọ àsìkò tó o.

Kí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n?

Ajá kì í wo aago, síbẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti gbé pẹ̀lú ajá mọ̀ pé ó ń dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó dé e. Àwọn kan ní ẹ̀mí ló ń sọ fún un. Kò tíì dé orí ẹ̀mí. Ohun mẹ́rin tí a lè tọ́ka sí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni àkọ́kọ́. Nínú ọpọlọ ajá, ti ológbò àti ti àwa náà, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà lókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ló ń tún un ṣe lójoojúmọ́, bí ẹni ń tún aago ògiri ṣe. Òun ló ń darí ìgbà tí oorun ń kunni, ìgbà tí ara ń móoru, àti ìgbà tí ojú ń dá. Lọ́dún 2017, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n ṣàlàyé bí irú aago inú ara bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ara eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bà lé èso ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Ìlú tiwa gan-an rọrùn fún irú aago bẹ́ẹ̀. Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà ní nǹkan bíi digírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún kò tó wákàtí kan. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, ajá mọ ibi tí yóò wọ̀ dé lọ́la láìṣírò. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ bi léèrè bí nǹkan ṣe ń rí níbòmíràn. Ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á fa aago gbogbo ìlú sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ajá tó máa ń jẹun ní aago méje á bẹ̀rẹ̀ sí í họ ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà. Ìjọba ti yí aago padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wọn yí inú ajá.

Inú náà ni ìkejì. Ẹranko tí a bá ń bọ́ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ á ti máa múra sílẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904, ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ajá àti itọ́ ẹnu. Ohun tí a kì í sábà sọ nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ní yàrá ìwádìí rẹ̀, wọ́n fún ajá ní oúnjẹ ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, láìlu agogo, láìtan iná, láìfi àmì kankan hàn. Nígbà tó yá, bí ìṣẹ́jú 30 bá ti ń pé, itọ́ á ti máa sun lẹ́nu ajá. Àlàfo àsìkò fúnra rẹ̀ ti di àmì.

Etí àti imú ni ìkẹta. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn tó bá kọjá nǹkan bíi 20,000 ìgbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ajá ń lọ sí nǹkan bíi 45,000, ti ológbò sì kọjá 60,000. Nítorí náà, ọ̀kadà tí ẹ rò pé ó dákẹ́ ní ìta, tàbí kẹ̀kẹ́ tó yà wọ àdúgbò, ajá ti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ. Àwọn ìlú wa kún fún irú àmì bẹ́ẹ̀: ìpè ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àkùkọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó máa ń dún ní aago méje alẹ́. Ní ti imú, Alexandra Horowitz, tó ń ṣe ìwádìí ajá ní New York, dá a lábàá pé òórùn wa tó ń dín kù nínú yàrá láti ìgbà tí a ti jáde lè wà lára ohun tí ajá fi ń wọn bí a ṣe pẹ́ tó. Àbá ni, ó sì bọ́gbọ́n mu.

Ìkẹrin ló wù mí jù, torí pé tiwa ni. Ẹ wo gbólóhùn yìí: ‘Ó dìde, ó wẹ̀, ó wọ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde.’ Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni, èyí kan ń tẹ̀lé èkejì bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń tò tẹ̀léra nínú gbólóhùn Yorùbá. Ajá ń ka gbólóhùn yìí láràárọ̀ láti ara wa. Bí ẹ bá wọ bàtà, ó ti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ní àdúgbò wa ní Oǹdó, mẹkáníìkì kan wà tó sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la. Bó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, Tanímọ̀la á dìde, á lọ jókòó sí oríta títí ọ̀gá rẹ̀ á fi dé láti ìdí iṣẹ́. Ní Sọ́ńdè, kì í lọ. Àwọn ènìyàn máa ń ní ajá náà mọ ọjọ́ ìsinmi bíi Kìrìsìtẹ́nì. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fúnni ní ìsinmi lọ́jọ́ Ọjọ́rú, tí mẹkáníìkì náà kò jáde, Tanímọ̀la kì í lọ sí oríta lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Kò mọ Sọ́ńdè, kò mọ Ọjọ́rú. Ohun tó mọ̀ ni pé aṣọ iṣẹ́ olóòórùn ọ́ìlì kò kúrò lórí ìṣó láàárọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ ní Tanímọ̀la mọ ohun tó ń sọ ju bó ṣe rò lọ: ajá náà kò mọ ọ̀la. Àárọ̀ òní ló ń kà.

Ibi tí ìmọ̀ wọn mọ

Lọ́dún 2011, Therese Rehn àti Linda Keeling ní orílẹ̀-èdè Swídìn tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwọn ajá sílẹ̀ nílé ní àwọn nìkan, nígbà mìíràn fún ìṣẹ́jú 30, nígbà mìíràn fún wákàtí 2, nígbà mìíràn fún wákàtí 4. Nígbà tí olówó wọn dé lẹ́yìn wákàtí 2, ìdùnnú àti ìrù jíjù wọn pọ̀ ju ti ìṣẹ́jú 30 lọ dáadáa. Ó hàn pé wọ́n mọ̀ pé àlàfo náà gùn. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 2 àti wákàtí 4, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gbòógì.

Èyí kò fi hàn pé ajá kò mọ ohunkóhun lẹ́yìn wákàtí 2. Ó kàn kìlọ̀ fún wa kí a má gbé ìṣírò tiwa lé ajá lórí. Ọmọ ènìyàn lè sọ pé ìjẹta, àná, òní, ọ̀la, ọ̀tunla, kó sì fi ìka kà á. Charles Hockett, nínú àwọn àbùdá tó tò fún èdè ènìyàn lọ́dún 1960, pe irú agbára yìí ní displacement: kí a lè sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò sí níbí, tí kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Nítorí agbára yẹn ni ẹ fi lè dágbére fún ìyá yín pé ‘Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà òní’, kí ìyá sì fọkàn balẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe tí ajá á fi gbọ́ ‘ọ̀sẹ̀ mẹ́fà’. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, ‘máa ń’ yóò ta á jí, yóò sì dojú kọ géètì.

Ní ìlú Tokyo, gbogbo ayé mọ ìtàn Hachiko. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan, Hidesaburo Ueno, ló ni ín, ó sì máa ń lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1925, Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kú sẹ́nu iṣẹ́. Ajá náà ń lọ sí ibùdókọ̀ ọ̀hún títí òun náà fi kú lóṣù Kẹta ọdún 1935. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ síbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń lọ ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n pè é, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi rí bárakú nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ikú olówó rẹ̀ jẹ́ ìròyìn, ẹnu la fi ń gbé ìròyìn, kò sì sí ẹni tó lè bá a sọ ọ́.

Ológbò kì í ṣe àjẹ́ nítorí pé kò sùn lóru

Ológbò nílò ìpínrọ̀ tirẹ̀, nítorí ìyà tó ń jẹ ẹ́ nítorí àsìkò ju ti ajá lọ. Ìdájí àti àṣálẹ́ ni ara ológbò máa ń yá gágá jù, nítorí ìgbà náà ni eku ń rìn. Ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ní awọ kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, òun ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa tàn bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Àwọn tó ń ta àgbàdo àti gàrí nínú ọjà mọ èyí dáadáa: bí wọ́n bá ti ìsọ̀ lálẹ́, iṣẹ́ ológbò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn àgbà náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Èkúté pàápàá mọ ‘máa ń’ ti ológbò.

Síbẹ̀, bí ológbò bá ké ní aago mẹ́rin ìdájí nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn kan á jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àwọn mìíràn á sì wá òkúta. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń kàwé dé ipele kẹrin ní yunifásítì pé ológbò tí kì í sùn lóru kì í ṣe ojú lásán. Aago inú ara rẹ̀ ni. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnu ilẹ̀kùn yín nìkan ló ti máa ń ké ní aago márùn-ún, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó kọ́kọ́ jí fún un ní ẹja ní aago márùn-ún kó lè dákẹ́. Ẹ ṣe é ní ìgbà díẹ̀, ó di bárakú.

Ọdẹ tí kò fun fèrè mọ́

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi àwa ará Oǹdó ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ajá. Bí mo bá ní mo fẹ́ kọ nǹkan lórí ajá, ọ̀rẹ́ mi kan á ti máa béèrè bóyá lókílí ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ẹran ajá wà nínú oúnjẹ àwọn kan nílùú wa, ajá sì ni ẹbọ Ògún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń sin ajá fún Ògún pàápàá mọ ìgbà tó ń bọ́ ọ, ọdẹ sì mọ ìgbà tó ń pè é. Àwọn tí ayé ń pè ní òǹrorò sí ajá ń pa wákàtí mọ́ fún un. Àwa tí a ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí status Wáásáàpù ni a ń bá a dá wákàtí tí a kò ní lè pa mọ́.

Nígbà tí ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n pè é. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Àkúrẹ́ ni mo wà fún apá kan nínú rẹ̀. Nínú ọgbà ilé kan tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí nítòsí ibẹ̀, ajá funfun kan wà tí olówó rẹ̀ ti kó báàgì kan lọ sílé pé òun ń bọ̀. Lójoojúmọ́, bí ó bá ti tó nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ajá náà á wá sẹ́nu géètì, á kọjú sí ọ̀nà. Ọlọ́dẹ ilé náà ń ju ẹ̀bà àjẹkù fún un fún ìgbà díẹ̀, títí ọlọ́dẹ náà fi rí iṣẹ́ mìíràn. Ó ti tó oṣù kẹrin kí n tó ṣàkíyèsí pé kò sí ajá lẹ́nu géètì mọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wọlé sí, kò sì sẹ́ni tó béèrè.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe yẹn di ẹ̀bi ru ajá, nítorí wọ́n gbà pé ọdẹ ń fun fèrè. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ọdẹ ni kò fun fèrè mọ́. Etí ajá ṣì là sílẹ̀.

Kì í sì í ṣe ajá nìkan ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ajá tí kò ní ẹni mọ́ á máa rìn káàkiri ìlú, kò sẹ́ni tí yóò tún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi gbà fún un bí ọdún bá yí po. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ara ajá ni dìgbòlugi ti ń ran ènìyàn nínú bíi 99 nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 100. Bí àìsàn náà bá ti fi ara hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ẹni tí ajá bá bù jẹ kò gbọdọ̀ dúró: kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ló máa pàdé ajá tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sílẹ̀.

Ohun tí àwọn kan á sọ

Wọ́n á ní ènìyàn kò tíì rí jẹ, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ajá. Òótọ́ ni pé ìyà wà nílùú. Ṣùgbọ́n n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó ra oúnjẹ ajá aláàpò. Ohun tí mo ń béèrè kò gba owó: ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní lè máa ṣe. Ẹni tí kò rówó bọ́ ajá kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn bí kò bá gba ajá.

Wọ́n tún á ní àwọn bàbá wa sin ajá láìsí ariwo yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n agbo ilé ni wọ́n ti sìn ín. Bí bàbá bá lọ sóko, ìyá àgbà wà nílé. Bí ìyá àgbà bá lọ sọ́jà, ọmọ márùn-ún ń ṣeré lójúde. Ọwọ́ mẹ́wàá ló ń ju oúnjẹ fún ajá, ‘máa ń’ rẹ̀ kò sì so mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé yàrá kan, òun nìkan. Bó bá lọ, gbogbo agbo ilé ló lọ lójú ajá.

Nítorí náà, àbá mi kò pọ̀. Kí ẹ tó gba ọmọ ajá tàbí ọmọ ológbò, ẹ ka sáà ẹ̀kọ́ tó kù fún yín. Ajá lè gbé ọdún 10 sí 13, ológbò lè kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí wa sì jẹ́ ti ọdún mẹ́rin bí ASUU bá gbà fún wa. Bí ẹ bá gbà á, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé jọ máa bọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ‘máa ń’ rẹ̀ lè ní ju olùwà kan lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹ má fà á lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mọ́tò ń dúró. Kí ẹni náà máa wá bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nínú abọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà, kí ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ yín tí ẹ kò tíì fọ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ sì kó káàdì àjẹsára rẹ̀ fún ẹni tó gbà á. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa fi èyí kún ìkéde tó máa ń jáde ní ìparí sáà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gbèsè àti ìwé ìkàwé tí a kò tíì dá padà.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, bóyá ajá kan ṣì wà ní ilé tí ẹ gbé ní ọdún tó kọjá. Ìpè fóònù kan sí onílé tàbí ẹni tó ń gbé yàrá yẹn kò tíì pẹ́ jù.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ‘mo ń bọ̀’ nígbà tí a bá ń jáde lọ. A fi ‘ń’ sí ohun tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹni tó gbọ́ wa sì mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Ajá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń lọ ni. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò lọ sẹ́nu géètì.